Ọ̀nà Tí Fóònù Kò Kà: Láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Kándì Lójú Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ ọjà náà sì ni, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ọ̀nà tí iṣu ń gbà lọ sí ọjà náà ni aláboyún ń gbà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí.

Ìbéèrè kan ló bí i. Nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi fóònù rẹ̀ léèrè pé báwo ni Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe jìn sí Kándì tó bá jẹ́ pé bàálù lèèyàn wọ̀, láti pápá bàálù Ṣábẹ̀ẹ́ sí pápá bàálù Kándì. Fóònù dá a lóhùn kíá: bí 350 kìlómítà, ìrìn àjò tí kò tó wákàtí kan. Ni ariwo bá sọ. Wọ́n ní, àṣé a súnmọ́ ara wa báyìí! Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí mẹ́rì, kí bàálù máa bà sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí aláboyún má kú sójú ọ̀nà mọ́, kí tòmátì má jẹrà mọ́ kó tó dé Kútọnu. Àwọn mìíràn ní àlá ọ̀sán gangan ni. Wọ́n wá ní kí n dá sí i.

Mo ti ronú sí i dáadáa, èrò mi kò sì ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Lẹ́tà yẹn, ẹ má kọ ọ́. Lẹ́tà mìíràn wà tí ẹ lè kọ, a ó dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, torí pé kò pa irọ́, kò sì sọ òótọ́ tán.

Àkọ́kọ́, ṣé pápá bàálù wà ní Ṣábẹ̀ẹ́? Ó wà. Ó wà ní Kándì pẹ̀lú, ó wà ní Natitingou, ó wà ní Pàràkú. Ọ̀pọ̀ pápá bàálù láyé, títí kan àwọn kéékèèké kan, ló ní orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin tí àwọn awakọ̀ òfuurufú fi ń mọ̀ ọ́n. Ti Kútọnu ni DBBB, ti Pàràkú ni DBBP, ti Kándì ni DBBK, ti Ṣábẹ̀ẹ́ tiwa sì ni DBBS. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn ni fóònù rí. Bó ṣe rí i, ó gbà pé bàálù wà níbẹ̀ tó ń dúró de èrò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ orúkọ ọjà sára pátákó, ṣé ìyẹn ní kí èèyàn ná ọjà níbẹ̀? Kò sí bàálù kankan tó ń gbé èrò láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kándì, kò sí lọ́sẹ̀, kò sí lóṣù.

Ìkejì, 350 kìlómítà yẹn ńkọ́? Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ẹ̀yin fúnra yín sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ láìní fóònù. Ẹ gba ìwé àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ẹ ó rí àwọn ìlà tí wọ́n fà káàkiri ayé láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́bàá ìlà 8. Kándì wà díẹ̀ lókè ìlà 11. Láti ìlà kan sí èkejì, bí 111 kìlómítà ni, níbikíbi láyé. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta: 333. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí pé Kándì kọjá ìlà 11 díẹ̀, ó sì yà díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ẹ ó rí i pé 350 náà ló ń bọ̀. Ọmọ kíláàsì CM2 lè ṣe é. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí o, torí pé ó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ohun tí fóònù ń ṣe kì í ṣe idán.

Àmọ́ ọ̀nà ẹyẹ nìyẹn. Okùn tí wọ́n fà tààrà láti òkè kan sí òkè kejì ni. Kò mọ odò, kò mọ igbó, kò mọ ibi tí ọ̀nà ti ya.

Ìkẹta ni àkókò, ibẹ̀ gan-an sì ni fóònù ti tan ọ̀rẹ́ wa jẹ. Báwo ló ṣe mọ̀ pé kò tó wákàtí kan? Irú ìṣirò báyìí sábà máa ń mú eré bàálù ńlá, irú èyí tó ń ti Kútọnu gbéra lọ sí Paris, tó ń sá bí 800 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Yóò fi 800 pín 350, yóò rí bí ìṣẹ́jú 26. Yóò wá fi ìdajì wákàtí kún un fún gbígbéra àti bíbà. Ó di ìṣẹ́jú 56. Ó parí. Àmọ́ bàálù ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè bà sórí pápá kékeré. Ó ń fẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà tó gùn, tó nípọn, tó lè ru ẹrù rẹ̀. Bàálù tó lè bà sí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, tó ń sá bí 240 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹ fi 240 pín 350. Ó ti di bíi wákàtí kan àbọ̀, a ò sì tíì ka gbígbéra.

Ẹ wo bí nọ́ńbà kan ṣe lè dára lójú tó, kó sì jẹ́ pé àṣọpọ̀ nǹkan méjì tí kò bára mu ni: ọ̀nà pápá kékeré, eré bàálù ńlá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Wákàtí kan àbọ̀ náà, ṣé kò dára ju ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀ lọ ni?" Ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe fẹ́ mú yín lọ síbì kan tí bàálù kékeré ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará abúlé, ká lè wo ohun tó mú kó ṣeé ṣe.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Orkney. Erékùṣù ni, lókè ilẹ̀ Scotland, níbi tí òtútù àti ẹ̀fúùfù kì í ti í sinmi. Erékùṣù méjì wà níbẹ̀ tó dojú kọra, Westray àti Papa Westray. Papa Westray yìí, èèyàn ibẹ̀ kò tó 100. Abúlé wa tó kéré jù lọ níbí lè pọ̀ jù wọ́n lọ. Òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti pápá bàálù kan sí èkejì, 2.7 kìlómítà péré ni. Òun ni ìrìn àjò bàálù onígbà-gbéra tó kúrú jù lọ láyé. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé àkókò, bí ẹ̀fúùfù bá sì ti ẹ̀yìn wá, kì í tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Stuart Linklater fò ó rí ní ìṣẹ́jú-àáyá 53. Ẹ ò tíì ní ka orin kan tán lórí rédíò kí wọ́n tó bà.

Láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ Loganair ti ń fò ó. Bàálù tí wọ́n ń lò, Islander lorúkọ rẹ̀, èrò mẹ́jọ ló ń gbé níbẹ̀. Nǹkan kan wà nípa bàálù yẹn tó máa yà yín lẹ́nu: apá ibi tiwa ni wọ́n ti ronú kàn án. Àwọn òyìnbó méjì tó ṣe é, John Britten àti Desmond Norman, ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kan ní Kamẹrúùnù. Ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀, pápá tó kúrú, tí kò dán, èrò díẹ̀, ẹrù díẹ̀, ló jẹ́ kí wọ́n mọ irú bàálù tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ó kọ́kọ́ fò ní 1965. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé bàálù kékeré kò yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kò mọ ìtàn. Kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ta ló ń wọ bàálù oníṣẹ́jú méjì yẹn? Olùkọ́ ń wọ̀ ọ́. Dókítà ń wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ ọ́. Àwọn àlejò pẹ̀lú ń wọ̀ ọ́ kí wọ́n lè sọ nílé pé àwọn ti fò ó. Ó ṣe pàtàkì fún àwọn ará ibẹ̀ gan-an.

Ó yẹ ká béèrè pé kí ló mú kó dúró láti ọdún yẹn títí di òní. Mo rí nǹkan mẹ́ta. Òkun ni, ọ̀nà ilẹ̀ kò lè sí níbẹ̀ láéláé. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù, nígbà tí òkun bá sì ń ru, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nǹkan kejì ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń fi owó sí i. Owó tí èrò ń san kò lè gbọ́ bùkátà bàálù, epo rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀, àti àwọn panápaná tó gbọ́dọ̀ dúró sí pápá nígbà tó bá ń bà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ní ìlú tó lówó bíi Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ṣì ń bá wọn gbé e. Ẹ̀kẹta, bàálù náà ní àkókò tí gbogbo ará ìlú mọ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ rí dókítà mọ ọjọ́ àti wákàtí. Kò ní jókòó sí pápá kó máa wo ojú ọ̀run.

Ẹ wá mú nǹkan mẹ́ta yìí wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Òkun kò sí láàárín àwa àti Pàràkú, ọ̀nà ọlọ́dà ló wà níbẹ̀, ó gba àárín Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Ojú irin pàápàá wà, ẹ̀yin ìyá àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, 438 kìlómítà láti Kútọnu dé Pàràkú. Ẹ ti kó iṣu wọ inú ọkọ̀ ojú irin yẹn rí, ẹ ti ta àkàrà lójú fèrèsé rẹ̀ rí. Kò gbé èrò mọ́. Bí a ò bá lè mú kí ọkọ̀ ojú irin máa rìn lórí irin tó ti wà nílẹ̀, mi ò mọ bí a ṣe máa mú bàálù dúró lókè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ n kúrò níbẹ̀.

Ní tòótọ́, ta ni nínú wa tó ń gbé aláìsàn láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kándì? Pàràkú tàbí Kútọnu ni a ń gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di Pàràkú, kó tó di Kútọnu, ibi tó ń pa wá kò dé ọ̀nà ọlọ́dà rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú aláboyún kan, ká má dárúkọ rẹ̀. Ó wà ní abúlé kan lápá odò Ọ̀pàrà. Ó bímọ tán lóru, ọmọ ké, gbogbo ilé yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àwọn dókítà kọ́ wa pé obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì bí a kò bá ràn án lọ́wọ́. Wákàtí méjì, kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ẹ wá ká a báyìí. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n dúró díẹ̀, bóyá yóò dá. Ọkọ wà lóko, wọ́n rán ọmọ sí i. Ó dé, ó ní kò sí owó lọ́wọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ti lo ìṣẹ́jú mélòó? Lẹ́yìn náà, wọ́n wá zẹ́mijàn. Zẹ́mijàn ní epo kò sí nínú ọkọ̀ òun. Wọ́n rí epo. Wọ́n gbé obìnrin sáàárín èèyàn méjì lórí alùpùpù, nínú òkùnkùn, lórí ọ̀nà tí òjò ti gbẹ́. Wọ́n dé ibi tí omi ti gba ojú ọ̀nà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ilé ìgbẹ̀bí, agbẹ̀bí nìkan ló wà, oògùn tí ó yẹ kó lò sì ti tán.

Nínú gbogbo èyí, níbo ni pápá bàálù Ṣábẹ̀ẹ́ wà? Kò tíì sí nínú ìtàn. Obìnrin yìí kò tíì rí Ṣábẹ̀ẹ́.

Ní 1994, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káàkiri ayé. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aláboyún. Ọ̀kan ni ìdádúró inú ilé, kí wọ́n tó pinnu pé kí wọ́n lọ. Èkejì ni ti ojú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìdádúró nílé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kí ó tó rí ìtọ́jú gbà. Bàálù kò lè ṣe nǹkan kan sí ti inú ilé, kò lè ṣe nǹkan kan sí ti ilé ìwòsàn. Ti ojú ọ̀nà náà, díẹ̀ ló lè fọwọ́ kàn, apá ìkẹyìn, apá tó ti ní ọ̀dà lára tẹ́lẹ̀. Bàbá tó ń fẹ́ bàálù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ìrora ló ń sọ. Àmọ́ ibi tó ń dùn wá kọ́ ni a fẹ́ fi oògùn sí.

Mo ní ẹ̀rí pé ohun tó ń fò lè gba ẹ̀mí là ní abúlé o, mi ò ní fi pamọ́. Ní Rwanda láti 2016, ní Ghana náà láti 2019, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zipline ń lo àwọn bàálù kékeré tí kò sí èèyàn nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní drone, láti gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tó wà lókèèrè. Wọn kì í bà sí ilé ìwòsàn rárá. Wọ́n á dé orí ilé ìwòsàn, wọ́n á ju páálí kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, wọ́n á yí padà. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn kò gbé aláìsàn lọ bá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá aláìsàn. Páálí náà fúyẹ́, kò bẹ̀rù, kò nílò ìjókòó, kò nílò pápá. Nígbà tí wọ́n bá sì jù ú sílẹ̀, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó mọ ohun tí yóò fi ṣe. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ilé ìwòsàn kékeré tó ń ṣiṣẹ́.

Èyí ló mú mi sọ pé fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé sàn fún wa ju bàálù ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, oxytocin, inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Bí iná bá lọ tí fìríìjì kò tutù mọ́, agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, agbẹ̀bí yóò gún un, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dá bó ṣe yẹ. Oògùn oníhóró kan tún wà, misoprostol, tí kò nílò òtútù, tí agbẹ̀bí lè lò níbi tí abẹ́rẹ́ kò sí. Agbẹ̀bí ni mo sọ o, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn lórí igbá ní ọjà. Bí oògùn bá wà nítòsí, wákàtí méjì yẹn yóò gùn sí i, ọ̀nà yóò sì kúrú.

Ó yá, ẹ̀yin ọlọ́jà, mi ò gbàgbé yín. Ẹ ní tòmátì ń jẹrà, ẹ ní iṣu ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiyín. Bàálù Islander tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, bí a bá yọ gbogbo ìjókòó kúrò, ẹrù tó lè gbé kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ká ní iṣu kan wọn kìlò 3. Ọgọ́rùn-ún iṣu jẹ́ kìlò 300. Ìyẹn ni pé bàálù yẹn, pẹ̀lú ariwo rẹ̀ àti epo rẹ̀, ọgọ́rùn-ún iṣu mẹ́ta ni yóò gbé, kò ní gbé ìkẹrin. Ìyá kan ṣoṣo nínú yín ń kó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọjà. Èló lẹ máa ta iṣu kan kẹ́ ẹ tó rí owó epo bàálù san? Ohun tí bàálù ń gbé tó ń pa owó ni ohun tó fúyẹ́ tó sì wọ́n. Iṣu kò fúyẹ́. Gààrí kò fúyẹ́. Kajú kò fúyẹ́. Tòmátì fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ ta ló máa ra agbọ̀n tòmátì ní iye tí bàálù gbé e dé?

Ohun tó ń ba tòmátì jẹ́, ìwọ̀nba kìlómítà tó wà láti oko dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dúró sí ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni afárá kékeré ti já láti òjò èṣí. Láti ọ̀nà ọlọ́dà lọ sí Kútọnu, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ̀ ń sá. Bí ọ̀nà oko yẹn bá dára, tòmátì yóò gba ibẹ̀, aláboyún yóò gba ibẹ̀. Bàálù kò lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Lẹ́tà tí mo ní kí ẹ kọ nìyẹn. Kí ẹ kọ ọ́ sí mẹ́rì, kí ẹ dárúkọ afárá kan, ẹyọ kan, kì í ṣe "ẹ tún ọ̀nà wa ṣe." Ẹni tó ń ka lẹ́tà ní ọ́fíìsì kò lè fi owó sí "ọ̀nà wa." Ó lè fi owó sí afárá tó ní orúkọ, tó wà láàárín abúlé méjì tí a mọ̀. Kí ẹ tún béèrè nípa fìríìjì ilé ìgbẹ̀bí: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, kí ló ń mú un tutù nígbà tí iná bá lọ? Kí ẹ béèrè pé ta ló ń san epo áńbúláǹsì, torí pé áńbúláǹsì tó ń dúró de owó epo lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn, ọkọ̀ tó dúró lásán ni.

Kí lẹ́tà náà lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ ní láti ní nọ́ńbà tiyín, kì í ṣe ti fóònù. Ẹ yan ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó mọ̀wé kọ. Kí ó fi aago wo iye ìṣẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà ilé tó jìnnà jù lọ ní abúlé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n pe zẹ́mijàn, kì í ṣe ìgbà tí alùpùpù gbéra. Kó ṣe é lójú mọmọ, kó ṣe é lálẹ́. Kó ṣe é nísinsìnyí tí ilẹ̀ gbẹ, kó tún un ṣe nígbà òjò. Nọ́ńbà mẹ́rin péré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sún mọ́ 120, ẹ fi ìlà pupa sí i lábẹ́, torí wákàtí méjì nìyẹn, gbogbo àkókò tí obìnrin yẹn ní ti tán sójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ ìwọ̀nyí náà: orúkọ zẹ́mijàn méjì tó gbà láti jáde lóru, àti ẹni tí owó àjọ pàjáwìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí aláboyún bá wà, kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Kí wọ́n má ṣe dúró de ọkọ tó wà lóko kí wọ́n tó gbé e. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àṣẹ yẹn sílẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ oko.

Ó ku ohun kan nípa pápá bàálù Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ má bàa rò pé mo ní kí wọ́n gbé e jù nù. Ẹ má kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin kajú sí i. Ọjọ́ lè dé tí ìlú yóò nílò rẹ̀ fún ohun tí a kò mọ̀ lónìí, bí omi bá ya tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tó di dandan kí ìrànlọ́wọ́ ti ojú ọ̀run wọlé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti rí padà. Àmọ́ kó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kí a máa dúró dè é.

Àwọn tó fara mọ́ bàálù, mo mọ̀ pé ẹ ní èsì fún mi. Ẹ mú un wá. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé nọ́ńbà mẹ́rin yẹn dé ilé rédíò, tàbí kó ka á sí wa létí lórí fóònù, kó sì sọ èrò ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ti lálẹ́ àti ti ojúmọmọ la ó kọ́kọ́ kà lórí afẹ́fẹ́, abúlé lẹ́yìn abúlé. Ti òjò, a ó dúró de òjò.